Físà Ítálì ni mo gbà, ṣùgbọ́n Párísì ni bàálù mi máa kọ́kọ́ balẹ̀ sí. Ṣé wọn ò ní dá mi padà?

Àṣàkẹ́
Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba Ítálì ti fún mi ní físà Schengen, èyí tó gba ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ìsinmi ni mo ń bá lọ. Òru mẹ́fà ni mo fẹ́ sùn ní Róòmù. Lẹ́yìn náà, mo máa lọ lo òru mẹ́rin lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Párísì, ibẹ̀ ni màá sì ti wọ bàálù padà sílé. Tíkẹ́ẹ̀tì tí owó mi ká á kọ́kọ́ gbé mi balẹ̀ sí pápákọ̀ Charles de Gaulle ní Párísì, kí n tó wọ òmíràn lọ sí Róòmù lọ́jọ́ kan náà.

Arákùnrin kan níbi iṣẹ́ wa wá sọ lánàá pé mo ti dáràn. Ó ní ẹni tí Ítálì bá fún ní físà, ilẹ̀ Ítálì ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ̀, pé àwọn Faransé máa dá mi padà láìjẹ́ kí n jókòó. Oorun ò kùn mí lánàá. Ṣé òótọ́ ni? Àwọn ìwé wo gan-an ni kí n kó dání? Ẹ tún là mí lọ́yẹ̀ nípa ààbò, torí èmi nìkan ni mò ń lọ, mi ò sì dé Yúróòpù rí.

Jagunmólú
Òótọ́ lẹni yẹn sọ fún ọ. Wọ́n dá ọ̀rẹ́ mi kan padà ní Jámánì, físà Spéènì ló sì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Tètè yí tíkẹ́ẹ̀tì yẹn padà, iye tó bá ná ọ, kó ná ọ.

Ayékòótọ́
Jagunmólú, ẹ rọra. Pé wọ́n dá ọ̀rẹ́ yín padà, mi ò jiyàn rẹ̀. Àmọ́ ṣé ẹ bi í léèrè iye òru tó fẹ́ sùn ní Spéènì?

Àṣàkẹ́, fọkàn balẹ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn èèyàn to ìwé físà, ìbéèrè yìí ló sì ń dé etí mi jù. Orílẹ̀-èdè 29 ló wà nínú Schengen báyìí, físà kan náà ló gba gbogbo wọn. Òfin wọn ni pé ibi tí èèyàn bá ti máa pẹ́ jù, tàbí ibi tí ohun tó ń bá lọ gan-an wà, ni kó ti tọrọ físà. Tí kò bá wá sí èyí tó jẹ́ olórí nínú wọn, bóyá tí iye ọjọ́ dọ́gba, ìgbà yẹn la tó ń wo ẹnubodè tó máa kọ́kọ́ gbà wọlé. Òru mẹ́fà ní Róòmù, mẹ́rin ní Párísì: Ítálì ló yẹ kó fún ẹ ní físà, Ítálì náà ló sì fún ẹ. Párísì ni o, Frankfurt ni o, Lisbon ni o, èyí tó bá wù ẹ́ ni kó o gbà wọlé.

Ohun tó ń kó èèyàn sí wàhálà ni kí físà máa wí tirẹ̀, kí ìwé yòókù máa wí tiwọn. Ẹni tó gba físà Spéènì, tí ìwé òtẹ́ẹ̀lì ọwọ́ ẹ̀ jẹ́ ti Berlin, tí tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ ẹ̀ náà tún jẹ́ láti Berlin, kí lẹ fẹ́ kí aṣọ́bodè rò? Á ní ó parọ́ gba físà ni. Wọ́n sì lè fagi lé físà náà níbẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ tí gbogbo orílẹ̀-èdè Schengen ń wò.

Jagunmólú
Hmm. Ó ní ìyàwó àfẹ́sọ́nà òun wà ní Hamburg. Kí n má parọ́, mi ò rò pé ó tiẹ̀ fẹ́ dé Spéènì.

Ayékòótọ́
Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Àṣàkẹ́, ohun kan ṣì wà tí arákùnrin ibi iṣẹ́ yín ò sọ, òun ló sì yẹ kó sọ. Ẹnubodè rẹ, Párísì ló wà. Kò sí ní Róòmù rárá. Pápákọ̀ Schengen tó o bá kọ́kọ́ balẹ̀ sí ni wọ́n ti máa yẹ̀ ẹ́ wò, ì báà jẹ́ pé wákàtí méjì péré lo fẹ́ lò níbẹ̀. Tó o bá wá dé Róòmù, wàá kàn gbé àpótí ẹ jáde ni, bí ẹni tó ti ìlú kan bọ́ sí ìkejì lórílẹ̀-èdè kan náà. Torí náà, ìwé òtẹ́ẹ̀lì Róòmù gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì ọwọ́ rẹ. Mo mọ ẹni tó dì gbogbo ìwé ẹ̀ sínú àpótí ńlá. Àpótí ti bá tiẹ̀ lọ sínú bàálù kejì, òun wà níwájú aṣọ́bodè tó ń fẹnu lásán ṣàlàyé.

Ohun tí mo máa ń ní kí àwọn èèyàn mi tẹ̀ sórí ìwé nìyí, torí fóònù lè kú, íntánẹ́ẹ̀tì pápákọ̀ sì lè má gbọ́ tìẹ: tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àtàbọ̀, ìwé òtẹ́ẹ̀lì, ìwé ẹni tó máa gbà ẹ́ lálejò tí kì í bá ṣe òtẹ́ẹ̀lì, ìwé báńkì tó fi owó tó o ní hàn, àti ìnṣọ́ránsì ìlera ìrìn àjò. Ìnṣọ́ránsì yẹn kò gbọdọ̀ dín ní 30,000 yúrò, ó gbọ́dọ̀ gba gbogbo ilẹ̀ Schengen, kó sì bo gbogbo ọjọ́ tó o fẹ́ lò. Ìwé ìrìnnà fúnra ẹ̀ kò gbọdọ̀ tíì tó ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti ṣe é lọ́jọ́ tó o ń wọlé, ó sì tún gbọ́dọ̀ ku oṣù mẹ́ta ó kéré tán lórí ẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ tó o máa kúrò.

Má sì rò pé físà ti parí ọ̀rọ̀. Òfin wọn sọ ọ́ gbangba pé níní físà lọ́wọ́ nìkan kò sọ ìwọlé di ẹ̀tọ́. Aṣọ́bodè ṣì láṣẹ láti bi ẹ́ ní ohun tó o wá ṣe, ibi tó o máa sùn, àti owó tó o máa ná.

Àṣàkẹ́
Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín. Ọkàn mi ti fúyẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bá mi wo nǹkan kan. Ohun tí wọ́n kọ sórí físà náà ni DAL 05-05, AL 30-05, àmọ́ nísàlẹ̀, wọ́n kọ DURATA DEL SOGGIORNO 11. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kúkú dúró sọ́dọ̀ òun títí di ọgbọ̀nọjọ́ oṣù, torí físà ò tíì kú.

Ayékòótọ́
Kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ o! Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fún ẹ. DAL àti AL kàn ń sọ àárín ìgbà tó o ti lè lò ó. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó lé lórí ẹ̀ yẹn, ìyọ̀ǹda ni, torí bí ọkọ̀ bá yẹ̀ tàbí tí ara ò bá yá, kó o lè sún ìrìn àjò síwájú láìtún gba físà tuntun. Tó o bá wọlé lọ́jọ́ karùn-ún, o gbọ́dọ̀ jáde lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Tó bá jẹ́ ọjọ́ kẹjọ lo wọlé, ọjọ́ kejìdínlógún. Ọjọ́ tó o bá dé ń kà, ọjọ́ tó o bá jáde náà ń kà, kódà kó jẹ́ aago mọ́kànlá alẹ́ lo dé.

Láyé ìjọsí, èǹtẹ̀ ni wọ́n ń lù sínú ìwé ìrìnnà, aṣọ́bodè á wá máa ṣí ojú ìwé kiri kó lè ka ọjọ́. Ìyẹn ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n ń pè ní EES. Wọ́n á ya àwòrán ojú rẹ, wọ́n á fi ìka rẹ wé èyí tó o tẹ̀ nígbà tó ò ń tọrọ físà, kọ̀ǹpútà á sì máa ka ọjọ́ rẹ. Kò nílò kí ẹnì kan rántí. Ọ̀fẹ́ ni o. Ẹnubodè ni wọ́n ti ń ṣe é, torí náà ẹni tó bá ní kó o wá sanwó EES lórí íntánẹ́ẹ̀tì, olè ni.

Ọmọ Olóyè
ETIAS, ìyọ̀ǹda ìrìn àjò orí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn, wá ńkọ́? Mo rí i níbì kan pé gbogbo ẹni tó bá ń lọ sí Yúróòpù ló máa gbà á.

Ayékòótọ́
Àwọn tí kò nílò físà rárá ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é. Ẹni tí físà wà lọ́wọ́ ẹ̀ kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ẹ̀.

Àjàní Párísì
Ẹ̀yin èèyàn mi, ilé lẹ bá mi. Párísì ni mò ń gbé, mo sì ti lọ gba àlejò ní Charles de Gaulle títí ó fi sú mi. Àṣàkẹ́, bàálù tó ti òkèèrè bọ̀, ibùdó 2E ni ọ̀pọ̀ ń balẹ̀ sí. Èyí tó ń lọ sí Róòmù, 2F ló sábà máa ń wà. Láàárín méjèèjì ni àwọn aṣọ́bodè jókòó sí, wọ́n á sì tún yẹ báàgì yín wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Tí bàálù mẹ́ta bá balẹ̀ pọ̀, ìlà yẹn á gùn débi pé ẹ̀ẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Tí wákàtí kan péré bá wà láàárín bàálù yín méjèèjì, ẹ yí i. Kó má dín ní wákàtí méjì ààbọ̀, mẹ́ta ló tiẹ̀ dára jù. Kí bàálù méjèèjì sì wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, kó lè jẹ́ pé tí ìkejì bá fò lọ, ilé iṣẹ́ bàálù ló máa wá òmíràn fún yín.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín ló kàn. Ṣé ó ti gba ìwé tí wọ́n ń pè ní attestation d'accueil fún yín? Ilé ìjọba ìbílẹ̀ ibi tó ń gbé, mairie, ló ti máa lọ gbà á. Á mú ẹ̀rí ilé àti ẹ̀rí owó tó ń wọlé fún un dání, á sì san 30 yúrò. Ojúlówó rẹ̀ gan-an ló máa fi ránṣẹ́ sí yín. Àwòrán orí WhatsApp ò tó.

Àṣàkẹ́
Hẹ̀n! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pè é ni. Ó ní òun ti gba àlejò rí láìsí ìwé kankan, pé tí wọ́n bá bi mí kí n kàn ní òtẹ́ẹ̀lì ni mo máa dé sí.

Àjàní Párísì
Ẹ̀gbọ́n yín fẹ́ràn yín, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn yẹn ò sunwọ̀n. Aṣọ́bodè á ní, «Òtẹ́ẹ̀lì wo?» Á ní kí ẹ mú ìwé ẹ̀ wá. Ó lè pe òtẹ́ẹ̀lì náà lójú yín. Nígbà tí wọ́n bá ti rí irọ́ kan, òótọ́ mẹ́wàá tí ẹ bá pa lẹ́yìn ẹ̀ ti di irọ́ lójú wọn nìyẹn.

Ẹ wo owó tó wà nínú ẹ̀ náà. Ilẹ̀ Faransé ti kọ iye tí àlejò gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́ fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ẹni tó ní ìwé ìgbàlejò yẹn, 32.50 yúrò. Ẹni tó ti gba òtẹ́ẹ̀lì, 65 yúrò. Ẹni tí kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì, 120 yúrò. Ìwé 30 yúrò ló ń dín gbogbo ìyẹn kù. Kí ẹ̀gbọ́n yín gba mairie lọ lọ́la, torí àwọn kan níbẹ̀ ń lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Tí ọjọ́ bá ti sún mọ́ jù, ẹ kúkú gba òtẹ́ẹ̀lì gidi fún òru mẹ́rin náà, kí ẹ máa lọ bá a jẹun níròlẹ́.

Ìyá Ìbejì Róòmù
Àbúrò mi Àṣàkẹ́, kú ìmúrasílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé Róòmù, jẹ́ kí n sọ tibí.

Fiumicino lo máa balẹ̀ sí. Ọkọ̀ ojú irin Leonardo Express ló ń gbé èèyàn lọ tààrà sí Termini, ibùdókọ̀ ojú irin ńlá Róòmù, bí ìdajì wákàtí ni. Àwọn tó máa sáré wá bá ẹ nínú pápákọ̀ pé «taksí, taksí», má dá wọn lóhùn. Taksí gidi funfun ni, ó ní nọ́ńbà lára àti mítà nínú, ìta ni wọ́n sì ń tò sí. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ ojú irin kékeré lo wọ̀, tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà, fi í sínú ẹ̀rọ kékeré tó wà lẹ́bàá ojú irin kó lu ú kó o tó wọkọ̀. Ọ̀pọ̀ àlejò ló máa ń sanwó ọkọ̀ tán tí wọ́n á tún san ìtanràn, torí pé wọn ò lu ú.

Ní Termini, ọmọbìnrin kan lè wá dúró tì ẹ́ nídìí ẹ̀rọ tíkẹ́ẹ̀tì pé òun fẹ́ ràn ẹ́ lọ́wọ́. Sọ pé o ò fẹ́. Òmíràn á fẹ́ bá ẹ gbé àpótí wọkọ̀, lẹ́yìn náà á ní kó o sanwó. Bọ́ọ̀sì 64 tó ń ti Termini lọ sí apá Vatican, àti ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ìlà A, ibẹ̀ ni àwọn afọwọ́rá fi ṣe oko. Wọn kì í dá ṣe é. Ẹnì kan á fara gbún ẹ, ìkejì á yọ pọ́ọ̀sì, ìkẹta á gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, á sì sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n sì múra dáadáa o, ìrísí ò lè sọ nǹkan kan fún ẹ. Báàgì, iwájú àyà ni kó wà, kí síìpù rẹ̀ kọjú sí ẹ.

Òtẹ́ẹ̀lì máa gba ìwé ìrìnnà ẹ nígbà tó o bá dé. Má jẹ́ kí àyà ẹ já. Òfin Ítálì ló ní kí wọ́n fi orúkọ àlejò ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá láàárín wákàtí 24. Dúró kí wọ́n kọ ọ́ tán, kó o gbà á padà. Kò sídìí tó fi yẹ kó sùn lọ́dọ̀ wọn.

Ìwé ìrìnnà yìí náà lo máa fi wọ Colosseo, gbọ̀ngàn eré àtijọ́ ńlá Róòmù. Orúkọ onítíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ báyìí, wọ́n sì ń fi wé ìwé ìdánimọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, torí náà bó ṣe wà nínú ìwé ìrìnnà ni kó o kọ orúkọ nígbà tó o bá ń rà á. Àwọn ọkùnrin tó wọ ẹ̀wù ọmọ ogun àtijọ́ níbẹ̀, tó o bá bá wọn ya fọ́tò, owó lo máa san.

Èyí tó ń ya àwọn àlejò lẹ́nu jù nìyí: báàgì ayédèrú tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ lẹ́bàá títì, tó ní orúkọ àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá lára, ẹni tó rà á gan-an ni òfin Ítálì ń mú. Owó ìtanràn ẹ̀ lè tó 7,000 yúrò. Àwọn ọmọ tó ń tà á á sá lọ, ìwọ ni wọ́n máa bá níbẹ̀.

Màmá Tèmi
Ẹ ṣeun o, ìdáhùn tí ẹ ń fún Àṣàkẹ́ ni mo ń tẹ́tí sí. Èmi náà ń lọ sí Róòmù nínú ìsinmi àwọn ọmọdé, ọmọ ọdún méje mi ni mo fẹ́ mú dání. Orúkọ bàbá ẹ̀ ló ń jẹ́, orúkọ bàbá tèmi ló wà nínú ìwé ìrìnnà mi. Bàbá ẹ̀ ò ní bá wa lọ. Ṣé ìyẹn ò ní di wàhálà?

Ayékòótọ́
Wọ́n lè bi yín mà, torí wọ́n ń ṣọ́ àwọn tó ń gbé ọmọ sá lọ. Ẹ mú ìwé ìbí ọmọ tó fi orúkọ yín hàn gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀. Kí bàbá rẹ̀ kọ lẹ́tà pé òun mọ̀ sí i, kó kọ ọjọ́ àlọ àti ọjọ́ àbọ̀ sí i, kó lọ fọwọ́ sí i níwájú agbẹjọ́rò tàbí ní ilé ẹjọ́, kó so ẹ̀dà ojú ìwé ìrìnnà rẹ̀ tó ní àwòrán mọ́ ọn. Tí ẹ bá ti túmọ̀ rẹ̀ sí Ítálì tàbí Gẹ̀ẹ́sì, ó tún dára jù. Físà ọmọ dá wà lọ́tọ̀. Láti ọdún mẹ́fà dé mọ́kànlá, owó físà jẹ́ 45 yúrò, ìdajì 90 tí àgbàlagbà ń san. Ẹ lè fi ìwé yín sílẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò. Kó má di pé ó ku ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ẹ tó lọ.

Ọmọ Olóyè
Àṣàkẹ́, tó o bá ti dé Párísì, wọ ọkọ̀ ojú irin Eurostar lọ wo Lọ́ńdọ̀nù. Wákàtí méjì àti díẹ̀ ni. Àárọ̀ lọ, alẹ́ padà.

Ayékòótọ́
Ọmọ Olóyè, o fẹ́ kó ọmọ ọlọ́mọ sí gbèsè! Àkọ́kọ́, Lọ́ńdọ̀nù kò sí nínú Schengen, físà tiwọn lọ́tọ̀. Ìkejì, Àṣàkẹ́, wo ibi tí wọ́n kọ NUMERO DI INGRESSI sí lórí físà rẹ. Tó bá jẹ́ 01 ló wà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lo lè wọlé. Bó o bá ti jáde ní Schengen, físà ti kú nìyẹn, ì báà ku ọjọ́ mẹ́rin. Ireland àti Cyprus náà wà nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, síbẹ̀ wọn ò sí nínú Schengen.

Àṣàkẹ́
01 ni o. Yéè, Vatican wá ńkọ́? Orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ ni wọ́n pè é, ibẹ̀ gan-an ni mo sì fẹ́ rí jù.

Ìyá Ìbejì Róòmù
Máa lọ láìbẹ̀rù. Àárín Róòmù ló wà, kò sí ẹnubodè láàárín wọn. Wọ́n á yẹ báàgì ẹ wò kó o tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí aṣọ ẹ bo èjìká àti orúnkún, torí wọ́n ń dá èèyàn padà lẹ́nu ọ̀nà. Tó o bá fẹ́ dé Switzerland, inú Schengen ló wà, ṣùgbọ́n kò sí nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, nítorí náà wọ́n lè yẹ ẹrù wò.

Àjàní Párísì
Tí ẹ bá ń bọ̀ láti Róòmù sí Párísì, ẹ má fi ìwé ìrìnnà sínú àpótí. Lóòótọ́, inú Schengen kan náà ni, ṣùgbọ́n láti ọdún 2015 ni Faransé ti dá àyẹ̀wò padà sí ẹnubodè rẹ̀ pẹ̀lú àwọn aládùúgbò, wọ́n sì ń sún un síwájú láti ìgbà náà. Wọ́n lè dá yín dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn bàálù.

Párísì náà ní tiẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin RER B tó ń ti pápákọ̀ wọ ìlú, tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń rà fún un. Ẹ má fi tíkẹ́ẹ̀tì métro, ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀, lásán wọ̀ ọ́, ẹ má sì jù ú nù títí ẹ fi máa jáde, torí àwọn ayẹ̀wé máa ń dúró sójú ọ̀nà àbájáde. Tí ẹ bá jókòó sítòsí ilẹ̀kùn, ẹ má di fóònù mú lọ́wọ́. Ìgbà tí ilẹ̀kùn bá fẹ́ pa dé ni wọ́n ń já a gbà, tí wọ́n á sì bẹ́ sílẹ̀.

Ní àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì Sacré-Cœur ní Montmartre, ọkùnrin kan á ní kí ẹ na ìka yín, á bẹ̀rẹ̀ sí í hun òwú mọ́ ọn. Tó bá ti hun ún tán, owó ló kù. Ẹ fi ọwọ́ sápò, kí ẹ máa lọ. Ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Louvre àti ilé ìṣọ́ Eiffel, àwọn ọmọbìnrin á gbé pátákó wá pé kí ẹ fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ fún àwọn adití. Bí ẹ ṣe ń fọwọ́ sí i, ọwọ́ ẹlòmíràn ti wà nínú báàgì yín. Ẹnì kan tún lè mú òrùka «wúrà» nílẹ̀ níwájú yín, á ní ṣé tiyín ni. Ẹ má dáhùn. Àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ ife mẹ́ta nílẹ̀, gbogbo àwọn tó yí wọn ká tó ń jẹ, ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n.

Tí ẹnì kan tí kò wọ aṣọ iṣẹ́ bá ní ọlọ́pàá lòun, tó ní kí ẹ mú pọ́ọ̀sì wá kóun wo owó inú ẹ̀, ọlọ́pàá kọ́ nìyẹn. Ọlọ́pàá gidi lè béèrè ìwé ìrìnnà, owó yín kọ́ ló máa béèrè.

Àṣàkẹ́
Ẹ fẹ́ dẹ́rù bà mí ni. Tí wọ́n bá wá jí ìwé ìrìnnà náà ńkọ́?

Ìyá Ìbejì Róòmù
Ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni kó o kọ́kọ́ gbà. Ní Ítálì, Questura tàbí Carabinieri, ìwé tí wọ́n máa fún ẹ ni denuncia. Ní Faransé, commissariat. Òun lo máa gbé lọ sí ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba orílẹ̀-èdè rẹ kí wọ́n lè fún ẹ ní ìwé pàjáwìrì tó o máa fi wọkọ̀ padà. Òun náà lo máa fi han aṣọ́bodè nígbà tó o bá ń jáde, torí físà ti bá ìwé ìrìnnà lọ. Ya àwòrán ojú ìwé àkọ́kọ́ àti ti físà, fi í ránṣẹ́ sí í-meèlì ara ẹ, kí ẹ̀gbọ́n ẹ náà ní in lọ́wọ́.

Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112, ọ̀fẹ́ ni káàkiri Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Ní Faransé, o tún lè pe 17 fún ọlọ́pàá, 15 fún ìlera.

Ayékòótọ́
Kí n fi èyí kún un: ìwé ìrìnnà tí o bá ti fẹjọ́ ẹ̀ sùn pé ó sọnù, bó o bá tún rí i lábẹ́ ibùsùn lọ́jọ́ kejì, má ṣe fi í rìn mọ́. Àwọn ìjọba ń fi nọ́ńbà irú ìwé bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí àkọsílẹ̀ Interpol. Tí aṣọ́bodè bá fi sẹ́rọ, á pariwo.

Tó bá sì jẹ́ àìsàn ló dá ẹ dúró kọjá ọjọ́ mọ́kànlá, má dákẹ́. Lọ sí Questura ní Ítálì, tàbí ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ń pè ní préfecture ní Faransé, kí ọjọ́ ẹ tó pé, mú ìwé dókítà dání. Wọ́n lè fi ọjọ́ kún un lọ́fẹ̀ẹ́ fún irú ohun tó kọjá agbára èèyàn bẹ́ẹ̀.

Bàbá Olùkọ́
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Mo ti ń ka gbogbo ohun tí ẹ sọ, ó dùn mọ́ mi nínú. Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹrù.

Àṣàkẹ́, kí ọjọ́ tó pé, àwọn èèyàn á ti máa gbé nǹkan wá. «Bá mi fún ọmọ mi ní Párísì.» «Kékeré ni, kò wúwo.» Mo bẹ̀ ọ́ lórúkọ ìyá tó bí ọ, ohun tí o kò bá fojú ara rẹ rí kí wọ́n tó dì í, má gbé e. Ẹni tó bá bínú, kó bínú. Tí wọ́n bá rí egbòogi olóró nínú rẹ̀, ẹni tí àpótí wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n máa kó sí àtìmọ́lé, ẹni tó rán ọ níṣẹ́ á ti pa fóònù rẹ̀. Ti pápákọ̀ náà ńkọ́? Ẹni tí o kò mọ̀ rí á ní kí o bá òun di báàgì òun mú, òun fẹ́ lọ tọ̀. Bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé e lọ.

Ẹran, bó ti wù kó gbẹ tó, àti ohun tí wọ́n fi wàrà ṣe, wọn kì í gbà á wọlé láti òde Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ, wọ́n á sì tún lè bu owó ìtanràn lé ọ. Oògùn tí o ń lò, jẹ́ kó wà nínú páálí rẹ̀, kí ìwé dókítà wà pẹ̀lú rẹ̀. Owó tó bá tó 10,000 yúrò tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, o gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn aṣọ́bodè fúnra rẹ, kí wọ́n má bàa bá a lápò rẹ.

Àṣàkẹ́
Ẹ ṣeun sà. Ẹnì kan ti gbé páálí kan wá ní ọjọ́ Sátidé tó lọ lóòótọ́, ó ní aṣọ ìkómọ ni. Màá dá a padà.

Ìbéèrè mi tó kẹ́yìn rèé: tí aṣọ́bodè bá ṣì kọ̀, lẹ́yìn gbogbo ìwé yìí, kí ni mo lè ṣe?

Àjàní Párísì
Ẹ má pariwo, ẹ má sì fọwọ́ sí ìwé tí ẹ kò lóye. Wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín ní fọ́ọ̀mù tó kọ ìdí tí wọ́n fi kọ̀ yín, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ẹjọ́ lórí ẹ̀. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí ògbufọ̀, àti láti pe aṣojú ìjọba yín. Nílẹ̀ Faransé, ẹ tún lè ní ẹ fẹ́ jour franc, ìyẹn ni pé kí wọ́n má gbé yín wọkọ̀ padà kí ọjọ́ kan gbáko tó kọjá. Ẹ̀yin lẹ máa béèrè ẹ̀, ọ̀pọ̀ ò sì mọ̀ pé ó wà. Láàárín ìgbà yẹn, ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín kó mú attestation d'accueil tàbí ohunkóhun tí wọ́n bá ní kò pé bọ̀ ní pápákọ̀.

Tó bá sì ti dé mairie lọ́la, ẹ padà wá sọ iye ọjọ́ tí wọ́n ní kó dúró, ká lè mọ̀ bóyá kí ẹ kúkú wá òtẹ́ẹ̀lì.

Àṣàkẹ́
Mo ti tún pè é. Ó ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni wọ́n ń ṣí, òun ti tọrọ àyè níbi iṣẹ́. Ó tún bi mí bóyá ìwé iná mànàmáná tó wà ní orúkọ ọkọ òun tó fún ẹ̀rí ilé.

Àjàní Párísì
Kó mú ìwé ilé tí orúkọ tiẹ̀ náà wà lórí ẹ̀, ìwé háyà tàbí ti ẹni tó nilé. Tí ti ọkọ nìkan ló bá wà, kí ọkọ fúnra ẹ̀ ni ó lọ tọrọ ìwé ìgbàlejò náà.